Sẹmẹ́ẹ̀lì fún Orúnkún Òsì

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú èèyàn tí Séverin jẹ́, ẹ tẹ̀lé e lọ ra nǹkan. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni, kì í sì í gba ohunkóhun gbọ́ títí yóò fi fọwọ́ kàn án. Bó bá fẹ́ ra tọ́ọ̀ṣì, yóò tàn án, yóò pa á, yóò tún un tàn, yóò mì í sétí, yóò béèrè bóyá òmíràn wà nínú páálí, lẹ́yìn náà ni yóò wá sọ pé òun ń bọ̀. Gbogbo ọjà Dassa ló mọ "mò ń bọ̀" Séverin. Bó bá yà sí ìsọ̀ wọn, wọn a kí i dáadáa ní Pátírọ̀ọ̀, ìyẹn ọ̀gá, wọn a sì máa bá iṣẹ́ wọn lọ.

Ìdí nìyí tí Ràhímọ́tù tó ń ta bàtà kò fi dìde lọ́jọ́ tí Séverin wá bá a pé òun ń wá sẹmẹ́ẹ̀lì, ìyẹn nǹkan pẹlẹbẹ tí wọ́n ń tẹ́ sínú bàtà kí àtẹ́lẹsẹ̀ lè rí ibi gbára lé. Ẹ̀pà ló ń bó. Ó fi àgbọ̀n júwe igun tó kó wọn sí.

"Èwo ló wà fún orúnkún nínú wọn?" Séverin béèrè.

"Orúnkún kẹ̀, Pátírọ̀ọ̀? Inú bàtà ni wọ́n ń gbé. Ta ló ń ki orúnkún bọ bàtà?"

"Wọ́n ní ó máa ń ràn án lọ́wọ́ fún ẹni tó bá ń sáré."

"Ó ń ràn án lọ́wọ́ nígbà náà," Ràhímọ́tù fèsì, ó sì fẹ́ èèpo ẹ̀pà dànù. "Orúnkún yín ni?"

"Ti ìyàwó mi."

Ràhímọ́tù gbé àwo ẹ̀pà kalẹ̀. Kò sí ẹni tí kò mọ Euphrasie lọ́jà yẹn, kò sì sí ẹni tí kò mọ ohun tí ojú rẹ̀ ti rí. Ó dìde, ó rọra gba ọwọ́ Séverin kúrò lára ọjà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá èyí tó dára fúnra rẹ̀.

"Ṣé àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú ni, àbí ó jìn láàárín?"

"N kò wò ó rí."

"Ìgbà wo lẹ ti fẹ́ ẹ?"

Séverin na ọwọ́ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó mú méjì tó rọ̀, ó ká wọn, ó nà wọ́n, ó gbóòórùn wọn, ó sì rà wọ́n lójú ẹsẹ̀. Ràhímọ́tù dúró pẹ̀lú àpò ọ̀rá lọ́wọ́. Láti ìgbà tó ti ń tajà, kò rí i kí Séverin ra nǹkan láìkọ́kọ́ lọ kó tó bọ̀.

Ó ní ohun tó ń lé e. Ọmọ kan ṣoṣo ni òun àti Euphrasie bí, Diane lorúkọ rẹ̀. Ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún tó ṣáájú èyí tó kọjá ni ibà mú ọmọ náà, ibà ọ̀hún kò sì fún ẹnikẹ́ni láyè kó tó pa á. Ó ku díẹ̀ kó ṣe ìdánwò BAC tí wọ́n fi ń parí ilé ẹ̀kọ́ girama. Láti ìgbà náà ni Euphrasie kò ti sọ̀rọ̀ nínú ilé mọ́. Kì í ṣe pé ó ń bínú o. Ó ń dáná, ó ń fọ aṣọ, ó ń dáhùn bí wọ́n bá pè é. "Bẹ́ẹ̀ ni" àti "rárá" kò wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀rọ̀ gan-an, èyí tí tọkọtaya fi ń mọ̀ pé ilé kan náà làwọn ń gbé, ni kò sí níbẹ̀ mọ́.

Nígbà tó yá, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru. Nọ́ọ̀sì tó yẹ tánsíọ̀nù rẹ̀ wò ní kó máa rìn láàárọ̀. Euphrasie rìn díẹ̀, ó ní ìrìn ò tẹ́ òun lọ́rùn, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Séverin bá a lọ, nítorí kò mọ nǹkan mìíràn tí ọkọ lè ṣe. Òun náà rèé, ẹni tí kì í sáré àfi bí òjò bá ń bọ̀ tó sì ní pákó níta. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, gbogbo ẹni tó pàdé wọn ló bi í léèrè ohun tó ń lé e.

Ohun tó yà á lẹ́nu ni pé bí wọ́n ṣe kọjá ilé tó gbẹ̀yìn, tí ọ̀nà tó yí Òkè Ẹrẹ̀ po bẹ̀rẹ̀, Euphrasie lanu. Ó ní ẹni tó ń darí àwọn akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, kò ní ohùn, ẹnu àṣẹ nìkan ló ní. Ó ní ewúrẹ́ aládùúgbò àwọn mọ ọjọ́ ọjà ju ẹni tó ni ín lọ. Ó ń sọ ọ́, ó ń sáré, kò wojú ọkọ rẹ̀. Séverin kò lè fèsì torí èémí ò tó o, ó sì jọ pé bẹ́ẹ̀ gan-an ló ṣe ń tẹ́ Euphrasie lọ́rùn. Ọ̀rọ̀ yóò máa lọ títí wọn yóò fi yí òkè náà po. Bí wọ́n bá ti fẹsẹ̀ kan ẹnu ọ̀nà ilé, ó parí nìyẹn, ó di ọ̀la.

Ọ̀rọ̀ yẹn ni Séverin ń jẹ bí oúnjẹ. Nítorí náà, nígbà tí orúnkún òsì Euphrasie bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ níta, tí ó wá ń fajú ro bí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀, orúnkún gan-an kọ́ lẹ̀rù rẹ̀ ń ba ọkùnrin yìí. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé bí orúnkún bá dúró, ẹnu náà yóò dúró. Nígbà náà, ilé nìkan ni yóò kù fún wọn.

Sẹmẹ́ẹ̀lì àkọ́kọ́ rọ̀ bí àkísà, ó sì wúlò bí àkísà. Séverin padà sọ́dọ̀ Ràhímọ́tù, ó ra èyí tó ní ike aláwọ̀ búlúù nínú, tó ń mì bí ẹ̀kọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dà. Euphrasie sáré pẹ̀lú rẹ̀, ó ní ó dà bí ẹni pé òun ń tẹ èèyàn mọ́lẹ̀. Ó lọ ra ẹ̀kẹta, èyí tó le tó sì yọ gọńgọ láàárín. Ọ̀kan kì í kúrò kí òmíràn tó wọlé o. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni Séverin, bí ẹsẹ̀ tábìlì bá kúrú, ńṣe ni wọ́n ń fi nǹkan kún un. Ó tẹ́ èkejì lé àkọ́kọ́, ó tẹ́ ẹ̀kẹta lé èkejì. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, gìgísẹ̀ Euphrasie yọ jáde nínú bàtà, bàtà dúró sínú ẹrẹ̀, Euphrasie sì sáré lọ díẹ̀ kó tó mọ̀.

Éloi, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama CEG ní eré ìdárayá, ló sọ fún un pé kéèyàn rẹ ẹsẹ̀ sómi kó sì tẹ ibi gbígbẹ, àmì rẹ̀ ni yóò sọ irú àtẹ́lẹsẹ̀ tó jẹ́. Séverin mú ìyàwó rẹ̀ lọ sórí àpáta pẹrẹsẹ ẹ̀yìn ilé níbi tí àwọn obìnrin ń sá èlùbọ́ sí. Ó bu omi sí i lẹ́sẹ̀. Euphrasie tẹ àpáta. Séverin bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo àmì náà láti iwájú, ó lọ wò ó láti ẹ̀yìn, ó ní kò tẹ́jú, ó ní àbí ó tẹ́jú, ó ní kó dúró kí òun lọ mú ẹfun wá kí òun fi yí i ká. Kó tó padà dé, oòrùn ti lá a gbẹ. Wọ́n tún un ṣe títí omi fi ṣàn dé ìdí èlùbọ́, ẹni tó ni èlùbọ́ sì jáde. Ohun tí obìnrin náà sọ fún Séverin, kò kan àtẹ́lẹsẹ̀.

Ó wá kù sọ́wọ́ ara rẹ̀. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù, ó mú igi arère, torí pé ó fúyẹ́, ó fá a, ó gbẹ́ ẹ, ó fi sandipépà ra á títí ó fi ń dán. Sẹmẹ́ẹ̀lì onígi méjì. Iṣẹ́ náà dára, èmi náà ì bá gbé e kọ́ ògiri. Euphrasie kì wọ́n bọ bàtà, wọ́n sì mú ọ̀nà pọ̀n.

Àárọ̀ ọjọ́ yẹn, kò sọ̀rọ̀. Wọ́n kọjá ilé tó gbẹ̀yìn, kò sọ̀rọ̀. Wọ́n dé ibi tí ọ̀nà ti dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, Séverin ń gbọ́ ìró igi nínú bàtà, kò gbọ́ ohùn. Nígbà tí wọ́n délé, ó wọ ṣọ́ọ̀bù ọkọ rẹ̀, ó gbé sẹmẹ́ẹ̀lì méjèèjì lé orí tábìlì bí ẹni tó ń dá àwo padà fún aládùúgbò, ó sì wọlé lọ. Séverin jókòó sáàárín èèpo igi. Omijé bọ́ lójú rẹ̀, ó sì jẹ́ kó máa bọ́.

Báyìí ni wọ́n ṣe dé ọ̀dọ̀ Marlène. Ọmọ Parakou ni, kiné ni, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa tọ́jú oríkèé àti iṣan, a sì máa wá sí ilé ìwòsàn Dassa lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ní kí Euphrasie jókòó, ó tẹ orúnkún níhìn-ín, ó tẹ̀ ẹ́ lọ́hùn-ún, ó ní kó dìde kó fi ẹsẹ̀ kan dúró. Lẹ́yìn náà ló gbé bàtà, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú ohun tó wà nínú rẹ̀.

"Eléyìí ńkọ́?"

"Èyí tí a rà kẹ́yìn ni," Séverin wí.

"Èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀?"

"Ìyẹn ti ṣáájú rẹ̀."

"Eléyìí náà?"

"Òun la fi bẹ̀rẹ̀. Èyí tó kù nísàlẹ̀, òun ló bá bàtà wá."

Marlène tò wọ́n sórí tábìlì. Kò rẹ́rìn-ín.

"Bon. Pápà, ẹ gbọ́. Ọ̀kan ṣoṣo. Ẹ yọ ti tẹ́lẹ̀ kí ẹ tó fi tuntun sí i. Ẹ gbé bàtà tí Máma fi ń sáré dání lọ sọ́jà, kí Máma fúnra wọn sì tẹ̀lé yín. Kí wọ́n wọ̀ ọ́, kí wọ́n rìn, kí wọ́n fi ẹsẹ̀ òsì nìkan dúró. Bó bá ká bí aṣọ láàárín, kò lè gbé nǹkan dúró. Bó bá ń gún wọn, kì í ṣe tiwọn, ohun yòówù kí ẹni tó ń tà á sọ. Èyí tó bá rọ̀ wọ́n lọ́rùn lẹ́sẹ̀ ni kí ẹ rà. Kí wọ́n kọ́kọ́ fi rìn kí wọ́n tó fi sáré."

"Ìyẹn yóò wo orúnkún náà sàn?"

"Rárá. Ìyẹn yóò ràn án lọ́wọ́." Ó yí bàtà dojú bolẹ̀, ó fi ìka tọ ìdí rẹ̀. Ti òsì ti gbó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìta, ti ọ̀tún ti gbó lẹ́gbẹ̀ẹ́ inú. "Níbo lẹ ti ń sáré?"

"Òkè Ẹrẹ̀ la ń yí po."

"Ọwọ́ wo ni òkè máa ń wà sí yín?"

"Ọ̀tún."

"Nígbà gbogbo?"

"Nígbà gbogbo," Séverin dáhùn. Èwo wá ni ìbéèrè yẹn?

Marlène na ọwọ́ rẹ̀ gbalaja, ó sì dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ òkè kì í tẹ́jú. Ẹsẹ̀ òsì ló máa ń wà nísàlẹ̀, láti ìgbà tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Òun nìkan ló ń jìyà. Donc, ó rọrùn. Lónìí ẹ gba ìhín, lọ́la ẹ gba ọ̀hún, kí òkè wà lọ́wọ́ òsì."

Tọkọtaya náà wolẹ̀. Marlène wo ọkọ, ó wo ìyàwó.

"Tàbí kí ẹ máa sáré ní ibi tó tẹ́jú," ó tún wí. "Ojú ọ̀dà ńkọ́?"

"Kí káḿíọ̀n gbé mi?" Euphrasie béèrè.

"Pápá CEG?"

"Èmi kì í ṣe màlúù tí wọ́n so mọ́ èèkàn, tí mo fi máa yí pápá ká."

Gbólóhùn tó gùn jù lọ nìyẹn tí Séverin ti gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ lábẹ́ òrùlé láti ìgbà pípẹ́. Ó fẹ́ kí Marlène tún dárúkọ pápá mìíràn.

Kiné náà kò mọ̀, ẹ má bá a wí. Ẹni tó bá ń gbé ìdí Òkè Ẹrẹ̀, òkè kì í kúrò lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Bí wọ́n bá ń lọ sóko, ọwọ́ ọ̀tún ló máa ń wà. Bí wọ́n bá fẹ́ padà, wọn a kúkú yí i po délé, tàbí kí wọ́n gba ọ̀nà ìsàlẹ̀. Òkú nìkan ló ń fi òkè sọ́wọ́ òsì, nígbà tí wọ́n bá ń gbé e lọ sí itẹ́ òkú tó wà lẹ́yìn òkè. Kò sí ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń bá ọmọ rẹ̀ jókòó láti kọ́ ọ. Fada tuntun kan béèrè ìdí rẹ̀ lọ́dún tó dé. Wọ́n kàn wò ó ni. Láti ìgbà náà, òun náà ń fi òkè sọ́wọ́ ọ̀tún, ó ní ibẹ̀ ló tutù. Ewúrẹ́ nìkan ni ọ̀rọ̀ náà kò kàn.

Ẹ tún mọ èyí náà, pé òbí kì í tẹ̀lé òkú ọmọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé Diane lọ, àwọn obìnrin ìdílé di Euphrasie mú nínú yàrá, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn. Séverin ni wọn ò rí dì mú. Òun ló kan pósí náà fúnra rẹ̀, ó sì ní kò sí ẹni tí yóò gbé e kí òun má sí níbẹ̀. Ó lọ. Ó padà wá sílé, ó bá ìyàwó rẹ̀ lórí ẹní, kò sì mọ bí òun yóò ṣe sọ ohun tí òun ti rí fún ẹni tí wọn kò jẹ́ kó rí i. Euphrasie kò béèrè. Òun náà kò sọ. Ibẹ̀ ni ilé ti dákẹ́.

Nítorí náà, Séverin kò dárúkọ ọwọ́ òsì mọ́ nígbà tí wọ́n kúrò lọ́dọ̀ Marlène. Sẹmẹ́ẹ̀lì ló gbájú mọ́. Wọ́n lọ bá Ràhímọ́tù, àwọn méjèèjì, pẹ̀lú bàtà. Euphrasie wọ eléyìí, ó fi ẹsẹ̀ kan dúró láàárín ọjà, ó bọ́ ọ. Ó wọ tọ̀hún. Àwọn èèyàn pé jọ wọ́n ń wò ó bí ẹyẹ lékèélékèé. Níkẹyìn, ó mú ọ̀kan tí kò le jù tí kò sì rọ̀ jù, tí àwọ̀ rẹ̀ kò dára rárá.

"Eléyìí," ó ní.

"Jẹ́ kí n wò ó dáadáa ná," Séverin wí, ó na ọwọ́.

"Ẹ̀yin lẹ fẹ́ wọ̀ ọ́ ni?" Ràhímọ́tù bi í, ó sì gba nǹkan náà sẹ́yìn.

Euphrasie fi rìn lọ sílé, ó fi rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kò gún un. Ìgbà tó yá, wọ́n tún jáde ní ìdájí. Wọ́n kọjá ilé tó gbẹ̀yìn, wọ́n dé ìdí máńgòrò tí ọ̀nà ti yà sí méjì ní ẹsẹ̀ òkè. Séverin yà sí apá tí wọ́n ti ń yà sí. Ó sáré díẹ̀ kó tó rí i pé òun nìkan ni. Nígbà tó yíjú, ìyàwó rẹ̀ dúró ní ọ̀nà kejì, èyí tó fi òkè sọ́wọ́ òsì.

"Euphrasie, ibẹ̀ kọ́."

"Kiné ní kí n gba ibí."

"Kò mọ ibí ni. Àwọn èèyàn yóò sọ pé..."

"Ẹ̀yin ti gbà á rí," Euphrasie wí. "Èmi ò tíì gbà á."

Kò gbé ohùn sókè. Ó yíjú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lọ. Séverin dúró lábẹ́ máńgòrò. Lẹ́yìn náà ló sáré tẹ̀lé e.

Wọn ò tíì lọ jìnnà tí Bàbá Ẹ̀ta yọ níwájú, àgbàlagbà tí oko rẹ̀ wà lápá Gbaffo, ọkọ́ wà léjìká rẹ̀. Láti ìgbà tó ti dáyé, kò pàdé ẹnikẹ́ni lójúkojú lórí ọ̀nà yẹn àfi àwọn tó ń gbé òkú. Ó yà sínú koríko, ó gbé ọkọ́ kalẹ̀, ó ṣí fìlà, ó tẹrí ba. Euphrasie kọjá. Séverin kọjá. Bàbá Ẹ̀ta ṣì tẹrí ba, ó ń retí. Nígbà tó retí títí tí nǹkan kan ò tẹ̀lé wọn, ó gbójú sókè.

"Séverin! Òkú náà dà?"

"Kò sí òkú, Bàbá."

"Kí lẹ wá ń sáré ṣíwájú rẹ̀ fún?"

"Orúnkún ni, Bàbá."

"Orúnkún ta ló kú?"

Euphrasie bú sẹ́rìn-ín. Ó ní láti dúró, ó di ẹ̀gbẹ́ mú. "Orúnkún mi ni, Bàbá. Kò tíì kú." Bàbá Ẹ̀ta dé fìlà rẹ̀, ó tún ṣí i, bí ẹni tí kò mọ èyí tó tọ́, ó sì wá gbé ọkọ́ rẹ̀, ó ń bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ láìbojúwẹ̀yìn.

Wọn kò sáré mọ́ lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ń rìn. Ọ̀nà dà sí ọwọ́ ọ̀tún. Euphrasie wo ilẹ̀, ó ní, "Ẹ fi hàn mí."

Séverin mọ ohun tó ń wí. Ó wá ọ̀rọ̀, kò rí èyí tó dára, ló bá mú èyí tó wà. "Ibí la ti pààrọ̀ èjìká," ó ní. "Éloi wà níwájú. Bàtà rẹ̀ já níbí, ó bọ́ ọ, ó fi ẹsẹ̀ lásán rìn."

"Ẹ̀yin ńkọ́, apá ibo lẹ wà?"

"Apá ìsàlẹ̀, lọ́wọ́ ọ̀tún. Ọ̀nà dà, pósí fẹ́ dà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo gbé e kúrò léjìká, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e sókè kó lè tẹ́jú."

"Láti ibí dé ibo?"

"Dé òkúta yẹn."

Òkúta náà tẹ́ pẹrẹsẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Euphrasie lọ síbẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ kàn án. "Ẹ gbé e kalẹ̀ níbí?"

"A gbé e kalẹ̀ díẹ̀."

"Oòrùn ń ràn?"

"Ó ń ràn. Mo dúró síwájú rẹ̀ kí òjìji mi lè bo orí pósí."

Euphrasie fi ọwọ́ nu ojú òkúta náà. Ó jókòó sórí òkúta, Séverin jókòó tì í, wọ́n wà níbẹ̀ títí ìkùukùu fi kúrò lára àwọn òkè tó kù, tí ọ̀nà Soclogbo sì hàn nísàlẹ̀ pẹ̀lú àwọn alùpùpù orí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dìde, wọ́n kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ itẹ́ òkú, wọ́n yí òkè náà po délé.

Séverin bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ó sì retí ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá dé ibẹ̀. Euphrasie kò bọ́ tirẹ̀. Ó wọlé pẹ̀lú eruku lẹ́sẹ̀, ó fa àga, ó jókòó kọjú sí ọkọ rẹ̀.

"Nígbà tí ẹ ń kan pósí yẹn," ó ní, "kí lẹ ń rò?"

Séverin wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ì bá wù ú kó sọ pé àdúrà ni òun ń gbà.

"Mo gé igi, kò tó," ó ní. "Mo tún gé òmíràn, kò tó. Mo wá ń rò ó pé ọmọ yìí ti ga tó báyìí, èmi ò sì mọ̀."

Euphrasie fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó sunkún, Séverin náà sunkún, kò sí ẹni tó ń pa ẹnìkejì lẹ́nu mọ́. Nígbà tó yá, Euphrasie fi etí ìró nu imú.

"Ó ga," ó ní. "Ó ti ga jù mí lọ láti Kérésìmesì. Ó ní kí n má sọ fún yín, pé ẹ máa ní kó yé wọ bàtà onígìgísẹ̀ gíga tó fi ń lọ Máàsì. A máa ń dúró sẹ́yìn ilé, a ń wọn ara wa mọ́ ògiri bí ẹ bá wà ní ṣọ́ọ̀bù."

Ó ń bá a lọ. Ó sọ bí Diane ṣe máa ń fi ìka gún un lórí pé òun lẹ̀gbọ́n báyìí. Ó sọ orúkọ ọmọkùnrin kan tí Séverin kò gbọ́ rí. Oòrùn ti wọ inú ilé, oníbàárà kan tó fẹ́ gba fèrèsé rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kanlẹ̀kùn, ó pe Pátírọ̀ọ̀, ó tún kanlẹ̀kùn. Séverin gbọ́ ọ dáadáa. Kò dìde.